Gbígbé àti Rírìn ní Ilẹ̀ Ẹranko
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ wa ní Vittin, Tamale)

 

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán àwa ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò ni pé kí a wá ṣàlàyé fún gbogbo ilé kí a tó kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Mole. Láti ìgbà tí a ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni àwọn òbí ti ń wá bá wa lálẹ́. Ìyá kan sọ pé òun kò bímọ fún ẹkùn. Bàbá kan ní ẹni tó bá fẹ́ rí erin kó lọ wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. A kò bá wọn jà, torí ẹni tó bímọ ló mọ ìnira ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹranko tí à ń bẹ̀rù àti ẹranko tó ń ṣe wá ní jàǹbá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Kìṣí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wá kò bá Tamale bó ṣe rí yìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ná ọjà oko. Wọ́n á di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí koríko ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n mọ ibi tí erin ń gbà sọdá, wọ́n mọ odò tí ọ̀nì wà, wọ́n sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí a rìn. Nígbà tí òfin ìjọba Busia jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹrù nìkan kọ́ ni wọ́n kó padà sílé. Ìmọ̀ igbó bá wọn lọ. Àwa tí a padà wá lẹ́yìn wọn, àti àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojú títì la mọ̀. A mọ ọjà, a mọ ibùdókọ̀, a mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, a kò mọ ọ̀dàn.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti Ìgbòho wá kò yẹ kó máa wo Mole bí ohun àjèjì. Ẹ̀bá ilé wa ni Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé wà, èyí tí ìjọba Nàìjíríà sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, tó ju 2,500 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ìlú àwọn baba ńlá wa ló wà nínú rẹ̀ tí ẹfọ̀n ń jẹko lórí rẹ̀. Ọmọ wa mélòó ló ti débẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mole. Ìwọ̀ oòrùn Tamale ló wà. Fufulso ni a ó ti yà, a ó kọjá Damongo, a ó dé Larabanga níbi tí mọ́ṣáláṣí alámọ̀ àtijọ́ nnì wà, lẹ́yìn náà a ó wọ ọgbà. Lábẹ́ Northern Region ni gbogbo ibẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2019 ló ti bọ́ sábẹ́ Savannah Region, tí Damongo jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ọdún 1958 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ẹranko, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1971. Ó ju 4,500 kìlómítà níbùú lóòró lọ, kò sí ọgbà ẹranko tó tóbi tó o ní gbogbo Gánà. Erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà, ìmàdò wà, ìnàkí wà, oríṣiríṣi àgbọ̀nrín àti ẹtu wà, ọ̀nì sì wà nínú omi.

Kìnnìún ńkọ́? Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ ń bi wá nìyí. Láàárín 2006 sí 2009, àwọn onímọ̀ gbé kámẹ́rà tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ kalẹ̀ káàkiri Mole. Ẹkùn yọjú, ìkookò yọjú, kìnnìún kò yọjú rárá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 400 kìnnìún ló kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà níbi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé, díẹ̀ sì wà ní Kainji àti Yankari ní Nàìjíríà tiwa. Awọ ẹran ni àwọn ọba Dagbon ń jókòó lé bí tiwa ṣe ń dé adé, àwọn onílù sì ń fi kìnnìún ki Yaa Naa. A máa ń rò ó lọ́kàn wa pé wọ́n ń fi ẹran ki ọba, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbọ́ ìlù náà lónìí kò tíì rí ẹran ọ̀hún lójúkojú rí.

Ó wá ku ẹkùn tí ìyá wa sọ. Òótọ́ ni, ẹkùn wà ní Mole. Ṣùgbọ́n alẹ́ ló ń rìn, ó sì ń sá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti wọ Mole tí wọ́n sì jáde láìrí ìrù ẹkùn.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń gbé pẹ̀lú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Kúgà ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kìnnìún, kò ní àmì tóótòòtó bíi ti ẹkùn. Akọ kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà P-22 gbé nínú ọgbà Griffith Park, láàárín ìlú Los Angeles gan-an, láti nǹkan bí 2012 títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá 2022, kò sì pa ẹnì kankan. A kò sọ pé ẹran náà kì í pani. Ní oṣù Kẹta 2024, ó pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àríwá California, ó sì ṣe arákùnrin rẹ̀ léṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún ọdún ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni pé bí o bá pàdé rẹ̀, má sáré, torí ẹni tó bá sá ló ń dà bí ẹran lójú rẹ̀. Kọjú sí i. Na ọwọ́ sókè kí o lè tóbi. Pariwo mọ́ ọn. Bí ọmọ kékeré bá wà lọ́dọ̀ rẹ, gbé e láìyí ẹ̀yìn sí ẹran náà. Bó bá fò mọ́ ọ, bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ náà wúlò fún ẹkùn àti ìkookò níbí.

Kò wúlò fún erin. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa nìyí, torí erin ni a ó rí, ẹkùn kọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ sókè níwájú erin tó sì ń pariwo, ìjà ló ń pè. Erin kì í wá ẹran jẹ, kò sì fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju pé ká má sún mọ́ òun lọ. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń gbóòórùn láti ibi tó jìnnà réré. Nítorí náà ni àwọn olùṣọ́ ọgbà ṣe máa ń da eruku díẹ̀ sílẹ̀ láti ọwọ́ wọn, kí wọ́n wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, kí a lè rìn níbi tí òórùn wa kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wá rí i pé kò sí ìwúlò lọ́fínńdà ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin là ń bá wí.

Bí erin bá na etí méjèèjì, tó gbé orí sókè, tó ń mi orí, tó sì ń fọn fèrè, ó ń kìlọ̀ ni. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo olùṣọ́. Kò sí ẹni tó jókòó síbí tó lè bá erin sá eré. Èyí tó dákẹ́, tó ká ọwọ́-ìjà rẹ̀ sínú, tó sì rọ etí sẹ́yìn, ni kí a bẹ̀rù jù. Akọ tí omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ láàárín ojú àti etí, ara rẹ̀ ń gbóná ni, gbogbo ènìyàn ni yóò yẹra fún un. Abo tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní Mole, àwọn akọ ló sábà máa ń wá sí ibi omi tó wà lábẹ́ òkè tí ilé àlejò wà. Láti orí òkè náà a lè jókòó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, ibẹ̀ ni a ó fi yín sí, ìran tí ẹ ó wò kò ní kéré sí tiwa.

Ẹ má rò pé àwọn ará abúlé tó yí ọgbà ká ń wo erin bí ìran. Erin ń jáde lálẹ́ lọ sínú oko àgbàdo àti iṣu, iṣẹ́ ọdún kan sì lè tán ní wákàtí kan. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, àgbẹ̀ ń fi ata lílọ̀ pò mọ́ gírísì sára okùn tí wọ́n ta yí oko ká, àwọn mìíràn ń to ilé oyin sí ẹ̀bá oko, torí erin kò fẹ́ràn ata, kò sì fẹ́ràn oyin. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ṣé erin ń bẹ̀ yín wò?"

Ti ìnàkí rọrùn, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Olè ni. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ àpò ọ̀rá, ó mọ ohun tó ń jẹ́ búrẹ́dì, ó sì mọ ẹni tí kò lè bá òun jà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan mú oúnjẹ lọ́wọ́ níta, ẹ má sì fi ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bó bá gba ogede lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Eyín rẹ̀ gùn, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Bí a bá gbé gbogbo ẹranko tí a ti dárúkọ yìí sí apá kan, ẹran kékeré kan wà tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ tó ń pa ènìyàn ní àríwá Gánà ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ní Mole nìkan. Ó wà ní Vittin. Ejò ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, ní 2017 ni wọ́n sì tó kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì. Èyí tó burú jù níbí ni paramọ́lẹ̀ kékeré kan tí ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ní àmì funfun funfun lẹ́yìn. Kì í sá kúrò lójú ọ̀nà. Ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, yóò máa fi ìpẹ́ nu ìpẹ́, ìró rẹ̀ á sì máa dún bí ẹran tí a jù sínú epo gbígbóná. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yẹn nínú koríko, kó dúró kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ẹ wo bí Vittin ṣe rí. Ilé tuntun ń bọ́ sínú igbó lójoojúmọ́. Ilé tí kò tíì parí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ènìyàn ń gbé, búlọ́ọ̀kù tí a kó jọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà níbẹ̀, pòròpórò àgbàdo wà níbẹ̀. Eku ń wọ inú wọn, ejò ń tẹ̀lé eku. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ ebè, tí àwọn obìnrin sì ń ṣa èso òrí lábẹ́ igi ní kùtùkùtù, ìgbà yẹn ni ìbùjẹ ń pọ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà.

Ní òjò tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń wá ẹyin awó lẹ́yìn ilé wọn ní Vittin níbí. Ó ká búlọ́ọ̀kù kan kúrò, ejò sì bù ú jẹ lọ́wọ́. Kí ìyá rẹ̀ tó dé, àwọn aládùúgbò ti mú okùn wá, ẹnìkan ti mú abẹ wá, ẹlòmíràn ń sáré lọ mú òkúta dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ìbùjẹ. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kan ọmọ mi." Ó bọ́ ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wú, ó fi pátákó tẹ́ apá rẹ̀, ó fi ìborùn dì í jẹ́ẹ́jẹ́ kó má lè mì, ó gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n sì wọ yellow-yellow. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n dé kò ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Wọ́n tún gbéra. Ní ìkejì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń dì. Tirẹ̀ kò dì, ṣe ló ń ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé oró ti wọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ó lo ọjọ́ mẹ́fà, ó sì wà láàárín àwọn ọmọ tó jókòó lórí ẹní níwájú yìí. A kò ní nàka sí i, ojú ń tì í.

Ká ní wọ́n fi abẹ gé e ni, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì yẹn ì bá máa ṣàn lọ. Ká ní wọ́n fi okùn dè é pinpin, ọwọ́ náà ì bá kú. Oró ejò yìí kì í yára pani, ó lè gba wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti èrìgì tàbí nínú ìtọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rò pé àgbo ti ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró wo bóyá yóò wú. Ẹ má sì lé ejò kiri láti pa á mú lọ fún dókítà, ejò á tún bu ẹlòmíràn jẹ. Bí ó bá jẹ́ ṣèbé ló tu oró sí ojú, omi tó mọ́, omi púpọ̀, ni kí ẹ máa dà sí i títí, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Abẹ́rẹ́ pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní nǹkan bí 2004, wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ oró ejò tí wọ́n ń lò ní àgbègbè kan ní àárín Gánà sí òmíràn. Kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 100 ẹni tí ejò bù jẹ ló ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di nǹkan bí 12 nínú 100. Oògùn tí a kò ṣe fún ejò ilẹ̀ yìí kò ran ẹni tí ejò ilẹ̀ yìí bù jẹ lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá mú aláìsàn lọ lè béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Dókítà, ṣé èyí bá ejò tiwa mu?"

Nítorí náà, àbá tí ìgbìmọ̀ wa gbé wá síwájú ìpàdé yìí ni pé kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ fún ọkọ̀ àti abẹ́rẹ́ oró ejò, kí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí má ṣe máa wá owó kiri ní òru. Akápò ti ní owó kò tó. A gbọ́. Ṣùgbọ́n a ná owó sórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa la sì rà á. Kí oníkálukú sì wo káàdì NHIS rẹ̀ lálẹ́ òní bóyá kò tíì kú. Àwọn tí búlọ́ọ̀kù wọn ti pẹ́ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n kó o kúrò ṣáájú òjò. Kí ẹ máa lo tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àní bó bá jẹ́ ilé ìyàgbẹ́ lẹ ń lọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn há abẹ́ ẹní, ó ń dí ẹ̀fọn, ó sì ń dí ejò.

Ti ìrìn-àjò wá kù. Sátidé kejì oṣù Kínní ni a dá. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, koríko ti gbẹ, omi ti dín kù, ẹranko á máa wá síbi omi tó kù, a ó sì lè rí ibi tí a ń tẹ̀. Agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra ní iwájú ibi tí a wà yìí. Ẹni tí kò bá wá, ọkọ̀ kò ní dúró dè é, Alága pẹ̀lú. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí gbogbo ọmọ wọ̀, sálúbàtà kò ní wọ igbó. Kí aṣọ má jẹ́ búlúù tàbí dúdú, torí eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì yẹn. Olùṣọ́ ọgbà tó gbé ìbọn ni yóò ṣáájú, àwa yóò tò tẹ̀lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọmọdé ní àárín, bàbá méjì ní ẹ̀yìn. A kò ní gba ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá láàyè láti rìn, wọn yóò bá àwọn àgbà jókòó sórí òkè. Kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ nínú omi kankan. Orúkọ àti owó ọkọ̀ ni kí ẹ fún akọ̀wé kí ìpàdé tó túká. Ìyá tó ní òun kò bímọ fún ẹkùn ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ti fi tirẹ̀ náà kún un.